Ìrẹsì Tó Wà Lábẹ́ Ibùsùn Ìyá Ọkọ Rẹ

Bẹyẹrúnkà, Ìbàdàn
Ọ̀sán Àlàmísì

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ọmọ mi,

Bí o bá wà lórí ìdúró, jókòó. Bí nǹkan bá wà lórí iná, sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Èmi náà jókòó kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, orí àpótí tí mo fi ń gún ọṣẹ ni mo wà. Ìyá Tísà ilé kejì ló ń bá mi kọ ọ́. Ó ti wọ awò ojú rẹ̀, ó ti mu tíì mi, kò ní àwáwí kankan. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́, kó má fi òróró pa á lára.

N kò fẹ́ fi fóònù sọ ọ́. Lórí fóònù, bí mo bá sọ ọ̀kan, o máa sọ méjì. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ibi tó ta ọ́, o máa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ìwé kì í jẹ́ kí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ òun lẹ́nu. Ìyá Tísà máa ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ, o sì máa kà á tán.

Ọ̀rọ̀ àná ni mo ń fèsì sí. Jẹ́ kí n tún un sọ, kí o má baà ní n kò gbọ́ ọ yé. O ní láti ìgbà tí o ti bá Yúsùfù ọkọ rẹ dé Kàǹbódíà, àràárọ̀ lo ń gbá yàrá ìyá rẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ pé ìyàwó ilé wa ń ṣe. O ṣeun. O ní lọ́jọ́ Àtìní, o ti ìgbálẹ̀ dé abẹ́ ibùsùn, o fa agolo mílíìkì kan jáde tó ti dípẹtà, tí wọ́n so okùn pupa mọ́ létí. Ìrẹsì ló kún inú rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́. O tún rí ìrẹsì mìíràn tí wọ́n fi aṣọ dì sẹ́yìn àpótí. O da gbogbo rẹ̀ nù, o ju agolo náà mọ́ ọn. Nígbà tí Hàlímà ìyá ọkọ rẹ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn, kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà kò bá yín jẹun mọ́, ó sì ń ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

O ní, “Ìyá àgbà, ẹ ò rí ìwọ̀sí bí? Mo gbálẹ̀ fún un, ó ń bá mi yan odì! Obìnrin yẹn ń kó oúnjẹ pamọ́ bí eku! A ti rí ilé mìíràn. Lọ́jọ́ Sátidé la máa kó lọ.”

Mo ní kí ẹ má kó. O ní kí n sọ ìdí. Mo ní ìdí rẹ̀ kò gba inú fóònù. Òun nìyí.

Ohun kan kọ́kọ́ wà ná. “Obìnrin yẹn” tí o pè é, má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, ìbáà ṣe ní èdè tí kò gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nígbà tí òun àti ọmọ rẹ̀ wá so yìgì yín níbí. Ọjọ́ kan wà tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ ra aṣọ ní Ọjà'ba. Àwa mẹ́rin la jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Hàlímà ń sọ èdè tirẹ̀, Yúsùfù ń sọ ọ́ di òyìnbó, Ìyá Tísà ń sọ ọ́ di Yorùbá fún mi. Nígbà tó parí, ó bẹ̀ mí pé kí n má tíì sọ fún ọ. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nílé mi ná. Bí ọjọ́ tó yẹ bá dé, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀.” Ọjọ́ ọ̀hún dé lánàá.

Ìyá Tísà ní kí n fi nọ́ńbà sí ìmọ̀ràn mi, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn alákọ̀wé ń ṣe é. Ó dáa.

Èkíní. Mọ irú ilé tí o wọ̀.

Yúsùfù fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ilé òkúta ni, nínú igbó ìlú wọn, tí àwọn baba ńlá àwọn Kìmáì, ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ náà, kọ́ láyé àtijọ́. O mọ àwọn òpó tó wà níwájú Gbọ̀ngàn Màpó, tí ènìyàn á gbójú sókè kó tó rí òkè wọn. Níbẹ̀, ojú ènìyàn ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta, ojú kan ṣoṣo ga ju ilé wa yìí lọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbòǹgbò igi ti di ògiri mìíràn mú bí ìgbà tí ọwọ́ bá di ìkòkò mú. Mo ní, “Ta ló kọ́ eléyìí, àǹjọ̀nú?” Yúsùfù rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ènìyàn ni, Ìyá. Ènìyàn bíi tiwa.” Ẹnu mi kò lè padé. Mo ní kó tún un fi hàn mí.

Ìran Hàlímà fúnra wọn kì í ṣe Kìmáì láti ilẹ̀. Ṣáàmù ni wọ́n ń jẹ́, Mùsùlùmí ni wọ́n. Wọ́n ní ìlú ọba tiwọn nígbà kan, ogun tú u, wọ́n sá tọ àwọn Kìmáì lọ, wọ́n ń pẹja lẹ́bàá odò wọn. Mo sọ fún un pé àwa náà nìyẹn, pé Ọ̀yọ́ ilé di igbó, àwọn tó sá níbẹ̀ wà lára àwọn tó sọ Ìbàdàn di ìlú. Ó di ọwọ́ mi mú. Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀.

Ó ní òun kò tíì ju ọmọge lọ nígbà tí ogun jà dé olú ìlú wọn, ìlú tí ẹ wà yìí, tí ahọ́n mi kò lè pè. Àwọn ọmọkùnrin aláṣọ dúdú jáde láti inú igbó. Kọ́múnísìtì ni wọ́n. Àwọn ará ìlú jáde pàtẹ́wọ́ fún wọn, torí wọ́n rò pé ogun parí. Ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí àwọn ọmọ náà fi ń kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé: kí gbogbo ènìyàn jáde nílùú, fún ọjọ́ díẹ̀ ni. Wọ́n jáde. Aláìsàn tó wà nílé ìwòsàn, ẹbí rẹ̀ ń ti ibùsùn rẹ̀ lójú títì. Aboyún ń rìn. Àgbàlagbà wà nínú bárò. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n padà mọ́.

Àbẹ̀kẹ́, rò ó wò. Kí Ọjà'ba dá páropáro, kí Bẹẹrẹ dá, kí Yemetu dá, kí Ògùnpa dá, kí ewúrẹ́ nìkan máa rìn lójú ọ̀nà. Mo mọ ohun tí à ń pè ní kí ènìyàn sá jáde láìmú nǹkan kan. Omi Ògùnpa ti lé mi jáde rí tèmi ti ọmọ lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n omi kì í mọ orúkọ ènìyàn. Mo bi í pé, “Ìlú wo ló gbógun tì yín?” Ó ní, “Kò sí ìlú kankan. Ọmọ wa ni. Ọmọ Kìmáì ni.” Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà, mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé odindi ìlú ni ó lè jẹ tán.

Mo ní, “Kí ni wọ́n ń wá?” Ó ní wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn dọ́gba. Kò sí olówó, kò sí tálákà. Kò sí ọjà, kò sí owó rárá, kò sí ilé ìwé, kò sí mọ́sáláṣí, kò sí ilé ẹ̀sìn àwọn tó ń sin Búdà. Gbogbo ènìyàn, ìrẹsì ni kí wọ́n máa gbìn.

Mo ní, “Ó mà dùn létí, kí gbogbo ènìyàn dọ́gba.”

Ó ní, “Ó dùn. Adùn yẹn la kọ́kọ́ gbọ́.”

Ìmọ̀ràn tó wà níbẹ̀ fún ọ ni pé kí o má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn gba ìgbálẹ̀, ìkòkò àti ọmọ lọ́wọ́ rẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá gba ọ̀kan, o lè bá a sọ ọ́. Bí ó bá ní òun fẹ́ gba gbogbo rẹ̀ kí ayé lè dára, gbé ọmọ rẹ, kí o máa sá lọ.

Èkejì. Má wọn ènìyàn pẹ̀lú ohun tí kò sọ.

O ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì pé ìyá ọkọ rẹ kò mọ̀wé. Pé bí ìwé iná bá dé, á tì í sí ọ, á ní kí o kà á fún òun. Gbọ́ mi dáadáa. Ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ tísà ló wà nígbà tí ogun dé. Ó mọ ti Kìmáì, ó mọ Faransé, ó ka Kùránì parí lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, torí àáfà ni bàbá náà, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú.

Àwọn aláṣọ dúdú náà ń wá ẹni tó bá mọ̀wé. Tísà, dókítà, akọ̀wé, àáfà. Wọ́n ní àwọn yẹn ló ba ayé jẹ́. Ẹni tó bá wọ awò ojú, wọ́n á fura sí i. Wọ́n á yẹ ọwọ́ wò bóyá ó rọ̀. Wọ́n wá bá bàbá Hàlímà, wọ́n ní kó wá kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀, kò ní í pẹ́. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó bá wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀, “wá kọ́ ẹ̀kọ́”. Kò sí ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ náà tó padà wálé.

Hàlímà ní òun sọ fún wọn pé ẹja ni òun ń tà, pé òun kò wọ ilé ìwé rí. Ó fi okùn àti iyanrìn ha ọwọ́ ara rẹ̀ títí ó fi le. Wọ́n gbé ìwé fún un ní ìdoríkodò láti dán an wò. Ó gbà á, ó mú un bẹ́ẹ̀, ó ń wò ó bí ìgbà tí ewúrẹ́ bá ń wo ògiri. Ó ní èyí tó le jù ni pé ojú tó bá ti mọ̀wé, fúnra rẹ̀ ló máa ń kàwé, ènìyàn kì í rán an níṣẹ́. Torí náà bí ó bá ti rí ohunkóhun tí wọ́n kọ nǹkan sí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló máa ń wò. Ó lé ní ọdún mẹ́ta tó fi wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Èmi tí n kò mọ̀wé, mo ti fi gbogbo ayé mi tijú rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n tẹ̀ka, mo máa ń pa ìka náà mọ́ sínú ìró kí wọ́n má rí yíǹkì lára rẹ̀. Obìnrin yìí sì ní ìwé lórí, ó fi í pamọ́ bí ẹni fi ọmọ ìkókó pamọ́ fún ogun, kó má ké. Kò sí bí mo ṣe lè gbé e tí ó máa tán nínú mi. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó yí wọn, ó fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí omi eérú ọṣẹ ti jẹ mí láti ìgbà ọmọge. Ó ní, “Ọwọ́ yìí ì bá yọ yín.” Lẹ́yìn náà ó wo Ìyá Tísà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó funfun fún ẹfun ìkọ̀wé, ó wo awò ojú rẹ̀. Ìyá Tísà fúnra rẹ̀ ló rọra yọ awò náà, ó fi í sínú àpò.

Bó ṣe ń kọ ọ́ báyìí, Ìyá Tísà ní, “Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ jẹ́ ká fo ibẹ̀ yẹn.” Mo ní kó kọ ọ́. Ó ti kọ ọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n lé àwọn ènìyàn búburú náà lọ, Hàlímà ń rìn padà sí ìlú, ó rí pátákó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó kà á sókè. Orúkọ abúlé lásán ni. Ó dúró níbẹ̀, ó ń kà á, ó ń tún un kà, títí ẹni tó ń bá a rìn fi fà á lọ́wọ́. Ẹni tó ń ti ìwé iná sí ọ nìyẹn. Bí ó bá tún tì í sí ọ, kà á fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ara rẹ̀ ló ṣì ń bẹ̀rù, bí orí rẹ̀ tilẹ̀ mọ̀ pé ogun ti tán.

Ẹ̀kẹta. Nípa ìrun, mo fẹ́ kí ojú tì ọ́ díẹ̀, torí ojú ti èmi náà.

Wọ́n ní kí Mùsùlùmí má kírun mọ́, kí obìnrin ṣí orí, kí wọ́n gé irun rẹ̀ mọ́ etí. Wọ́n sun Kùránì. Wọ́n gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ka iwájú wọn, ẹni tí kò bá jẹ ẹ́, ó mọ ibi tó ń lọ. Mo ní, “Báwo lo ṣe wá ń kírun?” Ó dìde ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, ó fi hàn mí. Ó ní bí wọ́n bá wà nínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń gbin ìrẹsì, gbígbìn rẹ̀ gba kí ènìyàn tẹ̀ ba. Ó tẹ̀ ba báyìí. Ó ní, “Rúkúù mi nìyí.” Ó na ọwọ́ sínú omi tí kò sí níbẹ̀, ó ti ọmọ ìrẹsì kan mọ́ ilẹ̀. Ètè rẹ̀ kò mì. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn dúró lórí ebè, inú rẹ̀ ń dùn pé obìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ kára.

Àbẹ̀kẹ́, mo ní ẹní tó dára. Fáànù wà lókè orí mi. Mọ́sáláṣí kò jìnnà. Síbẹ̀ bí mo bá ti wọ ìrun, iye tí wọ́n ń ta àdín ní Ọjà'ba ni mo máa ń rò. Láti ọjọ́ tí Hàlímà ti tẹ̀ ba níwájú mi, ó ti dín kù. N kò ní ó tán.

Ìyá Tísà ní èyí kì í ṣe ìmọ̀ràn. Mo ní ìmọ̀ràn ni fún ẹni tó bá ní etí.

Ó ku oúnjẹ. N kò mọ nọ́ńbà tó yẹ kó wà níwájú rẹ̀, òun ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo di ìyàwó nílé yìí, mo jà fún ààrò. O mọ̀ pé ìyàwó tuntun kì í dá dáná láyé ìgbà náà, ààrò ìyá ọkọ ló máa ń lò títí wọ́n á fi yà á sọ́tọ̀. Èmi ní n kò lè dúró, pé iyọ̀ ìyá àgbà ti pọ̀ jù. Mo ru ìkòkò mi lọ sẹ́yìnkùlé, mo to òkúta mẹ́ta, mo dáná tèmi. Ìyá ọkọ mi rọra wá dúró sí ẹ̀yìn mi, ó ní, “Ìyàwó, ṣé ebi ń pa ọ́ ni?” Ó dùn mí ju kó bú mi lọ. Mo ru ìkòkò mi padà.

Mo sọ ìtàn yìí fún Hàlímà kó lè rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní, “Ìyá, nítorí ìkòkò kan ṣoṣo yẹn, níbi tí a wà, ẹ ò ní í rí ọjọ́ kejì.”

Wọ́n ti kó ìkòkò gbogbo ilé lọ. Ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ni gbogbo abúlé ń lò, ṣíbí nìkan ni kálukú ní. Àwọn ló ń gbin ìrẹsì tí ó lọ salalu dé ibi tí ojú kò tó, àwọn aláṣọ dúdú ń fi ọkọ̀ kó o lọ mọ́ wọn lọ́wọ́, omi tí ìrẹsì gba inú rẹ̀ kọjá ni wọ́n sì ń bù fún wọn. Ẹni tó bá ṣa ìgbín jẹ, olè ni. Ẹni tó bá já èso igi, olè ni. Àwọn ọmọ kéékèèké ni wọ́n fi ń ṣọ́ àgbàlagbà, torí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ náà pé wọn kò ní ìyá, wọn kò ní bàbá, Ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ dúdú ló bí wọn.

Hàlímà ní àbúrò kan, ọmọkùnrin. Ebi ti wú u lẹ́sẹ̀. Ìyá wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìrẹsì díẹ̀díẹ̀ nígbà ìkórè, á fi í sí etí ìró, á kó o sínú agolo mílíìkì kan, á sì bo agolo náà mọ́ abẹ́ ibi tí wọ́n ń sùn. Ní tútù ni ọmọ náà ń rún un jẹ, torí èéfín á tú wọn fó. Ọmọ ilé kejì rí i. Ó lọ sọ.

Wọ́n pe gbogbo abúlé jọ. Wọ́n fa agolo náà jáde. Wọ́n da ìrẹsì náà sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n ju agolo náà sí igbó. Wọ́n ní kí ìyá wá kọ́ ẹ̀kọ́ díẹ̀. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó lọ. Hàlímà kò gbọdọ̀ sunkún, torí ẹni tó bá sunkún olè, olè ni òun náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ìrẹsì náà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Bí ó ti sọ ibẹ̀ yẹn, Yúsùfù kò tètè tú u sí òyìnbó. Ó dìde, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó bu omi sójú, ó padà wá jókòó, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́ ọ rí. Òní ni mo ń gbọ́ ọ.” Ọmọ bíbí inú rẹ̀ o. Torí náà má bínú sí ọkọ rẹ pé kò sọ fún ọ. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Hàlímà wá tọ́ka sí ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ga díẹ̀ ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bi mí ohun tó jẹ́. Mo ní sàréè ìyá ọkọ mi ni, ẹni tó bi mí léèrè bóyá ebi ń pa mí. Ó ní, “Nínú ilé? Ẹ mọ ibi tó wà?” Mo ní a mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ ń ta ayò lórí rẹ̀. Ó bọ́ bàtà, ó lọ jókòó tì í, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Òun kò mọ ibi tí wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, kò mọ ti bàbá rẹ̀, kò mọ ti àbúrò rẹ̀. Ó jókòó ti ìyá onílé fún ìgbà pípẹ́. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan láyé, Àbẹ̀kẹ́, mo ti rí ọba, mo ti rí ìjọba tó wọlé tó jáde, n kò rí ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́ tó ọwọ́ yẹn lórí sìmẹ́ǹtì.

Nígbà tó dìde, ó rí agolo tí mo fi kọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, èyí tí mo fi ń wọn ìrẹsì. Ó ní bákan náà ni, agolo mílíìkì ni àwọn náà fi ń wọn ìrẹsì láti ayé àwọn ìyá wọn. Ó ń yí i lọ́wọ́, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Mo gbà á, mo bu ìrẹsì Ọ̀fadà kún un, mo fi ọ̀rá dé e, mo ní kó máa gbé e lọ. Okùn pupa wà létí rẹ̀.

O ti mọ̀ ọ́n báyìí. Agolo tí o jù nù lọ́jọ́ Àtìní, agolo ilé wa ni, ìpẹtà ni kò jẹ́ kí o dá a mọ̀. Òun ni mo fi wọn ìrẹsì tí mo fi tọ́ ọ, láti ọjọ́ tí ìyá rẹ ti gbé ọ jù sí mi lẹ́sẹ̀ tó lọ ṣòwò. Ìrẹsì wa ni ìrẹsì náà. Ó gbé e kọjá òkun, ó fi í sí ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń fi tirẹ̀ sí. Ìwọ sì fà á jáde, o dà á nù, o ju agolo.

Má sunkún. N kò kọ ọ́ torí ẹkún. N kò sì ní o dà bí àwọn ènìyàn yẹn. Ìgbálẹ̀ mi ló wà lọ́wọ́ rẹ, èmi ni mo kọ́ ọ pé ìyàwó tó mọ ilé í gbá kì í fi abẹ́ ibùsùn ìyá ọkọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà dára ní Bẹyẹrúnkà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá, ojú Hàlímà sì ti rí ejò tó gbé odindi ìlú mì. Ìwọ rí ìrẹsì tó ti ń bàjẹ́. Òun rí ohun tí kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tètè kú.

Ohun tí o máa ṣe nìyí. N kò ní fi nọ́ńbà sí i.

Sọ fún Yúsùfù kó lọ sọ fún onílé yẹn pé ẹ kò wá mọ́. Sátidé yẹn, ilé ni kí ẹ wà.

Má lọ máa tọrọ àforíjì lọ rẹpẹtẹ. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, ìyá ọkọ rẹ kò sì gbọ́ èdè rẹ tó bẹ́ẹ̀. Bí oúnjẹ bá jinná, lọ kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí mo ṣe kọ́ ọ, sọ pé, “Ìyá, ẹ jẹ́ ká jọ jẹun.” Bí kò bá ṣílẹ̀kùn, gbé tìrẹ wá sẹ́nu ọ̀nà náà, kí o sì jẹ ẹ́ níbẹ̀. Bí o bá ń jẹun sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ní í lè fara dà á pé o wà nílẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo ti wo ojú rẹ̀.

Má ní kó sọ ìtàn náà fún ọ. Bí ó bá fẹ́ sọ ọ́, gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o gbọ́. Má sọ pé mo ti sọ fún ọ. Ó máa mọ̀ lọ́jọ́ tó bá rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Lọ ra mílíìkì alágolo. Mu mílíìkì náà, fọ agolo rẹ̀, sá a sóòrùn kó gbẹ. Ra ìrẹsì tuntun, èyí tó dára jù lọ́jà wọn, kí o má ra èyí tó fọ́. Bù ú kún un dé ẹnu, dé e. Wá okùn pupa so mọ́ ọn létí. Nígbà tí kò bá sí nílé, gbé e padà sí ibi tí o ti fa ti àkọ́kọ́ jáde gẹ́lẹ́. Bí oṣù bá ń lọ, tí ó bá fẹ́ gbó, pààrọ̀ rẹ̀ kí kòkòrò tó dé, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ibẹ̀ ṣófo títí di ìrọ̀lẹ́ kan. Ohun tí ó ń wò bó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn, pé ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, máa gbálẹ̀ rẹ lọ bí o ṣe ń gbá a. Gbá ẹnu ọ̀nà, gbá ìdí àpótí, gbá abẹ́ ibùsùn pàápàá, kò sí ẹni tó ní kí o má gbá a. Bí o bá ti gbálẹ̀ dé ibi agolo náà, jẹ́ kí ìgbálẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ àgbà, Ìyá Ọlọ́ṣẹ